Bí A Ṣe Ń Fi Gbòǹgbò Látìnì Kọ́ Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Àwọn ọmọ tó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC àti JAMB ní Àgbádárìgì sábà máa ń ní ìwé kan tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí láti òkè délẹ̀, tí ìtumọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wà lápá kejì. Wọ́n á kọ́ wọn sórí lálẹ́ òní, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì ti fò lọ kí ó tó di ọ̀túnla. Ohun tó ń fa èyí ni pé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan dá dúró gedegbe, kò ní ìyekan kankan lórí ẹni tó ń kọ́ ọ. Ọ̀nà tí mo máa ń gbà kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, tí mo sì fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lò ó, yálà ọmọ ilé-ìwé ni tàbí àgbàlagbà tí lẹ́tà ọ́fíìsì ń dá lágara, ni pé kí a máa kọ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní agbo-ilé agbo-ilé, nípa gbòǹgbò Látìnì tí àwọn ọ̀rọ̀ náà jọ ti ara rẹ̀ hù.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí a mọ bí Látìnì ṣe dé inú Gẹ̀ẹ́sì, nítorí ìyẹn ni yóò jẹ́ kí a mọ ibi tí a ó ti máa wá a. Látìnì ni èdè Róòmù àtijọ́. Nígbà tí àlùfáà kan tí wọ́n ń pè ní Augustine kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá láti Róòmù, tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Kent ní ọdún 597, Látìnì ni èdè ìsìn tí wọ́n mú dání. Ní ọdún 1066, William tó jẹ́ olórí Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èdè Faransé, tó jẹ́ ọmọ bíbí Látìnì, sì di èdè ààfin àti ti ilé-ẹjọ́ fún ìran púpọ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í yá ọ̀rọ̀ tààrà láti inú ìwé Látìnì fún ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, ìṣègùn àti òfin. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ inú ilé bí ‘house’, ‘water’, ‘eat’ àti ‘mother’ kì í fi í ṣe ti Látìnì, tí ọ̀rọ̀ òfin, báńkì, ilé-ìwé àti ìjọba sì fi kún fún un. Ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe máa wá gbòǹgbò Látìnì nínú ‘go’ àti ‘come’. Inú lẹ́tà báńkì, ìwé àdéhùn ilẹ̀ àti àyọkà ìdánwò ni kí ẹ máa wá a sí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó le máa ń pọ̀ sí jù.

Ẹnu ara yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí a ti sọ di Yorùbá, tí a ń lò lójoojúmọ́, tó sì jẹ́ Látìnì pọ́ńbélé. Ẹ mú ‘mọ́tò’. ‘Motor’ ní Látìnì ni ohun tó ń mú nǹkan kúrò lójú kan, ‘mov’ àti ‘mot’ sì ni gbòǹgbò rẹ̀. Bí ẹ bá ti mọ èyí, ‘motion’ ni ìrìn tàbí ìṣípòpadà, ‘promote’ ni kí a sún ènìyàn síwájú, ‘demote’ ni kí a já a wálẹ̀, ‘remote’ sì ni ibi tí a ti sún sẹ́yìn, èyí tó jìnnà réré. Ẹ mú ‘dọ́kítà’. Olùkọ́ ni ‘doctor’ ní Látìnì, ìyẹn ló fà á tí ẹni tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì fi ń jẹ́ dọ́kítà láìmọ abẹ́rẹ́ í gún. Agbo-ilé rẹ̀ ni ‘doctrine’, ohun tí a fi ń kọ́ni, àti ‘docile’, ẹni tó rọrùn láti kọ́. ‘Fídíò’ tí a ń wò, gbólóhùn odindi ni, ‘mo rí i’ ni ó túmọ̀ sí. Láti ara ‘vid’ àti ‘vis’ yìí ni ‘visible’, ohun tí a lè rí, ti wá, àti ‘evidence’, ẹ̀rí tí ojú rí, àti ‘supervise’, kí a máa wo iṣẹ́ láti òkè, àti ‘visa’ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìwé ìrìnnà. ‘Bọ́ọ̀sì’ pàápàá, ìrù ọ̀rọ̀ tí a gé kúrò lára ‘omnibus’ ni, èyí tó túmọ̀ sí ‘fún gbogbo ènìyàn’. Ẹni tó bá sì ti gbọ́ ‘omnipotent’ àti ‘omniscient’ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí kò mọ̀ pé ‘omni’ inú rẹ̀ ni ‘gbogbo’, ẹ jẹ́ kó mọ̀ ọ́n láti òní lọ: alágbára gbogbo, olùmọ̀ gbogbo.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yan gbòǹgbò kan péré, kí ẹ sì tú u wò dé ìdí. Fún ẹni tó ń gbé Àgbádárìgì, ‘port’ ni mo máa ń kọ́kọ́ yàn, nítorí ẹnubodè Sèmè kò jìnnà sí wa, ọ̀rọ̀ náà sì wà lára ògiri, lára ọkọ̀ àti lórí ìwé àwọn aṣọ́bodè níbẹ̀. ‘Portare’ ni ‘gbé’ ní Látìnì. ‘Import’ ni kí a gbé wọlé, ‘export’ ni kí a gbé jáde, ‘transport’ ni kí a gbé láti ibì kan kọjá sí ibòmíràn, ‘deport’ ni kí a gbé ènìyàn kúrò nílùú. ‘Porter’ ni alábàárù, ‘portable’ sì ni ohun tó ṣeé gbé kiri. Títí dé ibí, ọ̀nà tẹ́jú. Ó kan àwọn tí a ní láti rò díẹ̀. ‘Report’ ni kí a gbé ọ̀rọ̀ padà wá, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń sọ pé akọ̀ròyìn gbé ìròyìn wá. ‘Support’ ni kí a gbé nǹkan láti ìsàlẹ̀ kó má baà wó, ìyẹn ló fi di àtìlẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ mẹ́jọ nìyẹn láti ara gbòǹgbò kan, kò sì sí èyí tí a kọ́ sórí nínú wọn.

Látìnì tún ní ‘portus’, èyí tó jẹ́ èbúté. Ó bá ‘portare’ tan láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni nígbà tí àwọn ará Róòmù ń lò ó. Àjàṣẹ́ tó wà ní òdì kejì ẹnubodè, tí àwọn Potogí sọ ní Porto-Novo, ‘èbúté tuntun’ ni orúkọ náà túmọ̀ sí, nítorí ọmọ Látìnì ni èdè Potogí pẹ̀lú. ‘Tuntun’ tó wà nínú ‘Novo’ yẹn náà ló wà nínú ‘renovate’, kí a sọ nǹkan di tuntun, àti nínú ‘novice’, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu iṣẹ́. Èyí tó wù mí jù nínú agbo-ilé èbúté ni ‘opportunity’. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ ọkọ̀ ojú omi lọ tààrà sí èbúté ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí ó tó wá di àǹfààní tó bọ́ sí àsìkò. Mi ò tíì rí ọmọ apẹja kan tó gbọ́ èyí tó tún béèrè ìtumọ̀ ‘opportunity’ mọ́. Àwọn oníṣòwò tó ń ná ọjà Àjàṣẹ́ tún ní àǹfààní tiwọn: Faransé tí wọ́n ń gbọ́ lọ́hùn-ún, Látìnì kan náà ló bí i. Ẹni tó mọ̀ pé ‘vendre’ ni kí a tajà kò gbọdọ̀ ṣi ‘vendor’ mọ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Apá tó ṣe pàtàkì jù lẹ́yìn gbòǹgbò ni àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ègé tó máa ń ṣíwájú gbòǹgbò. Àwọn tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ kò pọ̀: ‘re’ ni padà tàbí lẹ́ẹ̀kan sí i, ‘ex’ ni jáde, ‘sub’ ni ìsàlẹ̀, ‘trans’ ni kọjá, ‘inter’ ni àárín, ‘pre’ ni ṣáájú, ‘con’ ni pọ̀, bí ìgbà tí nǹkan bá wà pa pọ̀, ‘ad’ ni sí ọ̀dọ̀, ‘de’ sì ni kúrò tàbí wálẹ̀. ‘In’ nìkan ló ní ojú méjì: ó lè jẹ́ ‘sínú’, ó sì lè jẹ́ ‘kò’, èmi yóò sì padà sórí rẹ̀.

Ohun tó máa ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rú ni pé àfòmọ́ wọ̀nyí kì í dúró lójú kan. ‘In’ di ‘il’ nínú ‘illegal’, ó di ‘im’ nínú ‘impossible’, ó sì di ‘ir’ nínú ‘irregular’. Ọmọ Yorùbá ni kò yẹ kí èyí ṣe àjèjì sí jù lọ láyé. Ẹ wo ‘oní’ tiwa. Bí ó bá pàdé aṣọ, ó di aláṣọ. Bí ó bá pàdé ẹja, ó di ẹlẹ́ja. Bí ó bá pàdé ọkọ̀, ó di ọlọ́kọ̀. Ìyá tó ń ta àgbọn létí ọ̀nà sì ń jẹ́ alágbọn. Kò sí ẹni tó jókòó kọ́ wa pé ‘oní’ kan náà ló wà nínú gbogbo wọn, etí wa ló kọ́ wa. Àrànmọ́ tí a kọ́ nínú gírámà Yorùbá náà ló ṣẹlẹ̀ sí ‘in’: ó yí padà láti fara jọ ìró tó tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni ‘con’ ṣe di ‘col’ nínú ‘collect’, tó di ‘cor’ nínú ‘correct’, tó di ‘com’ nínú ‘compress’. Bẹ́ẹ̀ ni ‘ad’ ṣe di ‘ac’ nínú ‘accept’, tó di ‘at’ nínú ‘attract’.

Ẹni tí èyí bá yé kò ní ṣi lẹ́tà kọ mọ́, èyí tó jẹ́ èrè ńlá fún ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò. Mélòó nínú wa ló mọ iye ‘c’ àti iye ‘m’ tó wà nínú ‘accommodate’ láìwo ìwé? Ẹ tú u: ‘ad’ tó di ‘ac’, lẹ́yìn náà ‘com’, lẹ́yìn náà ‘mod’. ‘C’ kan ti ara àfòmọ́ kìn-ín-ní wá, ‘c’ kejì ti ara ‘com’; ‘m’ kan ti ara ‘com’, ‘m’ kejì ti ara ‘mod’. Méjì méjì ni wọ́n, kò sì ní í dà yín láàmú mọ́.

Gbòǹgbò ọ̀rọ̀-ìṣe Látìnì sábà máa ń ní àwọ̀ méjì, ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ méjèèjì sílẹ̀ pọ̀. ‘Scrib’ àti ‘script’ ni ‘kọ’, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ‘describe’ àti ‘description’. ‘Duc’ àti ‘duct’ ni ‘darí’ tàbí ‘ṣamọ̀nà’, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ‘reduce’ àti ‘reduction’. ‘Mit’ àti ‘miss’ ni ‘rán’. Èyí tó kẹ́yìn yìí kò ṣeé gbàgbé ní ìlú tiwa, níbi tí Henry Townsend àti Thomas Birch Freeman ti wàásù ní ọdún 1842, tí Samuel Ajayi Crowther sì gúnlẹ̀ sí ní ọdún 1845 kó tó kọjá sí Abẹ́òkúta. ‘Missionary’ ni ẹni tí a rán. Agbo-ilé kan náà ni ‘dismiss’, kí a rán ènìyàn lọ; ‘transmit’, kí a fi ránṣẹ́ kọjá; ‘remit’, kí a fi owó ránṣẹ́ padà; àti ‘admit’, kí a jẹ́ kí ènìyàn wọlé sọ́dọ̀ wa, tàbí kí a gbà pé òótọ́ ni. Àwọn gbòǹgbò kan tilẹ̀ ní àwọ̀ kẹta, nítorí pé wọ́n gba ilẹ̀ Faransé kọjá kí wọ́n tó dé. ‘Cap’, tó jẹ́ ‘mú’ tàbí ‘gbà’, wà nínú ‘captive’, ó di ‘cept’ nínú ‘reception’, ó sì di ‘ceive’ nínú ‘receive’. Ẹni tó bá ti wọ ilé ìtàn ẹrú tó wà ní Àgbádárìgì yóò rántí ‘captive’, ẹni tí a mú, àti ‘manacle’, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ọwọ́, èyí tó wá láti ara ‘manus’, ọwọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi gbólóhùn kan dán an wò, irú èyí tí ẹ lè bá pàdé lórí ìwé ní ẹnubodè: ‘All imported goods in transit are subject to inspection.’ Ẹ fi ‘all’ àti ‘goods’ sílẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì abínibí ni wọ́n. ‘Imported’ a ti mọ̀ ọ́n. ‘Transit’ ni ‘trans’, kọjá, àti ‘it’, lọ: ohun tó ń kọjá lọ. ‘It’ yẹn náà ló wà nínú ‘exit’ tí wọ́n ń kọ sókè ẹnu-ọ̀nà, jáde lọ. ‘Subject’ ni ‘sub’, ìsàlẹ̀, àti ‘ject’, jù: ohun tí a jù sábẹ́, tó wà lábẹ́ àṣẹ. Ẹ rántí ‘reject’, kí a jù ú padà, àti ‘inject’, kí a tì í sínú. ‘Inspection’ ni ‘in’, inú, àti ‘spect’, wò: kí a wo inú rẹ̀. Ohun tí gbólóhùn náà ń sọ nìyí: gbogbo ẹrù tí a kó wọlé, tó ń kọjá lọ sí ibòmíràn, wà lábẹ́ àṣẹ pé kí a yẹ inú rẹ̀ wò. Tí wọ́n bá tún fi ‘duty’ kún un, ìbátan ‘debt’ ni, gbèsè tí ẹrù náà jẹ ìjọba. ‘Revenue’ ni owó tó padà wá sí àpò, nítorí ‘ven’ ni ‘wá’. Ṣùgbọ́n ‘tariff’ tó wà lórí ìwé kan náà, ẹ má fi Látìnì dà á láàmú. Èdè Lárúbáwá ni ó ti ṣẹ̀ wá.

Ìyẹn ló mú mi dé ibi tí gbòǹgbò ti máa ń tan ni jẹ, n kò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn, nítorí àwọn kan ń kọ́ni bí ẹni pé gbòǹgbò kì í purọ́. Ẹ wo ẹ̀yìn ọkọ̀ agbépo tó ń gba ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì, ẹ ó rí ‘inflammable’. Ẹni tó bá rò pé ‘in’ ibẹ̀ ni ‘kò’ yóò sọ pé epo náà kò lè gbiná, bẹ́ẹ̀ ewu gidi ni ìkìlọ̀ náà ń sọ. ‘In’ olójú méjì tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan nìyẹn: láti ara ‘inflammare’, kí a tinábọ nǹkan, ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ẹ wo ‘pedestrian’, ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn, nítorí ‘ped’ ni ẹsẹ̀ ní Látìnì. Àmọ́ ‘pediatrician’ kì í ṣe dọ́kítà ẹsẹ̀, dọ́kítà ọmọdé ni, èdè Gíríìkì ni ‘ped’ tirẹ̀ ti wá. ‘Captain’ kì í ṣe ọmọ ‘cap’ tí ó bí ‘captive’, láti ara ‘caput’, orí, ni ó ti wá, ìyẹn ni olórí. Ìgbà mìíràn, gbòǹgbò á tọ̀nà, ṣùgbọ́n ayé á ti yí. ‘Manufacture’ ni kí a fi ọwọ́ ṣe nǹkan, ẹ̀rọ ló ń ṣe é lónìí. ‘Candidate’ ni aláṣọ funfun, nítorí pé àwọn tó ń du ipò ní Róòmù máa ń wọ aṣọ tí wọ́n ti fi ẹfun sọ di funfun. Ta ni yóò fi aṣọ funfun mọ ẹni tó ń ṣe ìdánwò JAMB? Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí gbòǹgbò mú ìfura wá, kí gbólóhùn tí ọ̀rọ̀ náà wà nínú rẹ̀ dá ẹjọ́, kí ìwé atúmọ̀ èdè sì fọwọ́ sí i.

Ní ti ìwé tí ẹ ó máa kọ, ojú ewé kan fún gbòǹgbò kan tó. Ẹ kọ gbòǹgbò náà sókè pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀ gbogbo, kí ẹ kọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá, ọ̀rọ̀-ìṣe kúkúrú bíi gbé, rán, kọ, wò, jù, fà, nítorí pé Yorùbá kúkúrú yìí ni yóò ṣiṣẹ́ fún yín nígbà tí ọkàn bá ń sáré. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ to àwọn ọmọ rẹ̀, kí ẹ fi ìlà ya àfòmọ́ kúrò lára gbòǹgbò, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe gbólóhùn nípa ohun tó wà láyìíká yín. Ìwé atúmọ̀ èdè ńlá máa ń fi orísun ọ̀rọ̀ hàn, ‘L’ sì sábà máa ń dúró fún Látìnì níbẹ̀. Ìwé kékeré tí ọmọ ilé-ìwé ń lò kì í sábà ní in, àmọ́ ẹni tó ní íntánẹ́ẹ̀tì lórí fóònù lè wò ó ní Etymonline lọ́fẹ̀ẹ́. Gbòǹgbò kan lọ́sẹ̀ kan tó lójú tèmi. Àwọn òbí tó ń ra ìwé ‘ọgọ́rùn-ún gbòǹgbò’ fún ọmọ, tí wọ́n sì ń ní kí ó kọ́ ọ sórí, àkọsórí náà ni wọ́n tún padà sí. Lẹ́yìn ‘port’, ẹ lè mú ‘mit’, ‘scrib’, ‘vid’, ‘duc’, ‘spect’, ‘tract’, ‘ject’ àti ‘cap’ tẹ̀ léra.

Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, níbi tí ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì JAMB ti jẹ́ 60, kò sí àyè láti máa tú gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹ ka gbólóhùn tán ná, kí ẹ tó fọwọ́ kan gbòǹgbò. Ká ní wọ́n kọ ‘The witness retracted his statement’, tí wọ́n ní kí ẹ mú ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ ‘retracted’ jù nínú ‘repeated’, ‘withdrew’, ‘signed’ àti ‘explained’. Ẹni tó mọ ‘re’ nìkan yóò sáré mú ‘repeated’, nítorí ‘lẹ́ẹ̀kan sí i’ ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ẹni tó mọ̀ pé ‘tract’ ni ‘fà’, láti ara ‘tractor’ tí àwa ń pè ní katakata, yóò mọ̀ pé ẹlẹ́rìí náà fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, ‘withdrew’ ni yóò sì mú. Bí wọ́n bá wá béèrè òdìkejì ‘verbose’, ‘verb’ ni ọ̀rọ̀, ọlọ́rọ̀ púpọ̀ ni wọ́n ń sọ. Kí ẹ wá èyí tó ní ‘cis’ nínú, tó jẹ́ ‘gé’, bó ṣe wà nínú ‘scissors’ àti ‘incision’. Bí ‘concise’ bá wà níbẹ̀, ẹ mú un, kí ẹ kọjá sí ìbéèrè tó kàn.